Ẹsẹ̀ Kan Nínú Ọkọ̀

Gbogbo ìlú Arárọ̀mí-Òkúta gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè lójú oorun, wọ́n kọ̀, wọn ò gbé e sílẹ̀ mọ́.

Fadérera dúró lẹ́yìn gíláàsì nínú yàrá akọ̀tàn lókè, ó ń wò wọ́n nísàlẹ̀ níbi tí wọ́n sùn sí lórí ẹní, ìlà tẹ̀lé ìlà, láti ẹnu ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn títí dé ìdí ẹ̀rọ amúlétutù tó ń kùn lábẹ́ àpáta. Baálẹ̀ gbé ẹsẹ̀ sókè. Ìyàwó rẹ̀ gbé tirẹ̀. Tíṣà, télọ̀, wòlíì, àti Sùnmọ́nù tó jí ewúrẹ́ gbé, tí wọ́n wá ṣèèṣì tẹ́ ẹní rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ni ewúrẹ́, kò sí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀ díẹ̀, tó sì ń gbọ̀n. Àyàfi ẹsẹ̀ kékeré kan. Ìyẹn náà wà lókè, ṣùgbọ́n kò gbọ̀n rárá. Ó le gbagidi bí igi ìdáná. Fadérera kì í jẹ́ kí ojú òun pẹ́ lórí ẹsẹ̀ yẹn.

Ẹ̀bi tirẹ̀ ni, kò sí ẹlòmíì tí a fẹ́ dì í rù. Okùn ohùn wà létí àwọn tó sùn, ohun tí akọ̀tàn bá sì sọ gba inú rẹ̀ ni ara wọn máa ń ṣe. Bí òjò bá rọ̀ nínú ìtàn, wọ́n á ká ara wọn jọ. Bí wọ́n bá ń jẹ iyán nínú ìtàn, ẹnu wọn á máa lọ sókè sódò. Nínú ìtàn tí Fadérera ń sọ fún wọn lọ́dún yìí, obìnrin kan tó ń jẹ́ Àṣàkẹ́ kúrò nílé láti wá ọkọ rẹ̀ lọ sí òdìkejì odò. Ó dé etí omi, ó ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ inú ọkọ̀, ẹsẹ̀ òsì ṣì wà lórí ilẹ̀. Bàbá atukọ̀ gbójú sókè, ó la ẹnu láti bi í ní ìbéèrè kan.

Ìbéèrè wo? Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ dúró sí. Wàláà oníná tí Fadérera fi ń kọ̀wé wà lórí itan rẹ̀, ó mọ́lẹ̀ kedere, kò sí lẹ́tà kan lójú rẹ̀. Obìnrin náà ti nu wàláà. Ó ti fọ ife. Ó ti tún ife tó fọ̀ fọ̀. Ó ti to ìrọ̀rí, ó ti tú u ká, ó ti fi èékánná yọ ìdọ̀tí etí tábìlì títí ìka fi ń ta á. Ẹni tó bá ti jókòó ti iṣẹ́ tó kọ̀ tí kò yá rí, ó mọ irú ìmọ́tótó yìí.

Ilẹ̀kùn ṣí. Gbólágadé wọlé, òróró ń kán lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Òun ni olùtọ́jú ara. Òun ló ń yí àwọn tó sùn padà kí ẹ̀gbẹ́ wọn má baà bó, òun ló ń fi omi ra ètè wọn. Títí tí Ẹ̀ẹ̀rùn Ńlá tí ìlú ń sùn nítorí ooru rẹ̀ á fi kọjá, tí òjò á fi dé, òun àti akọ̀tàn nìkan ni kì í sùn ní Arárọ̀mí.

"Ìyá Àyọ̀ká, o kú ìjókòó o."

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n."

"Iṣẹ́ ńlá! Mo ti fi òróró pa ẹsẹ̀ gbogbo ìlú tán. Mo ti ẹsẹ̀ Baálẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ní, 'Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe èyí sí mi.' Bí mo ṣe kẹ̀yìn sí i báyìí, ó tún ti gbéra. Obìnrin inú ìtàn rẹ yìí, ṣé kò ní wọ ọkọ̀ ni?"

"Ó máa wọ̀ ọ́."

"Ó máa wọ̀ ọ́, ó máa wọ̀ ọ́. Ohun tó o wí lánàá náà nìyẹn." Gbólágadé nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀. "Kí ló dé gan-an? Ṣé ara rẹ ò yá ni?"

"Ara mi yá. Mò ń rò ó ni."

"Jọ̀ọ́, rò ó kíá. Iṣan wọn ti ń le. Àwọn àgbà ṣì lè fara dà á. Àwọn ọmọdé ni ẹ̀rù wọn ń bà mí."

Kò dárúkọ ọmọ kankan. Kò sì nílò kó dárúkọ. Fadérera bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan lórí tábìlì, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀.

Iná kékeré kan tàn lára àpótí tó wà ní igun yàrá. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa," ni ohùn kan wí láti inú àpótí náà, ohùn pẹ̀lẹ́, ohùn ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. "Ẹ kú làálàá. Ṣé kí n bá yín parí rẹ̀?"

"Má bá mi parí nǹkan kan!"

"Ẹ má bínú. Mo wà níhìn-ín."

Arọ́pò ni wọ́n ń pe àpótí náà, gbogbo ilé ìsùn ló sì ní ọ̀kan, nítorí akọ̀tàn lè kú, akọ̀tàn lè ṣàìsàn. Akọ̀tàn sì lè jókòó ti ife kó máa fọ̀ ọ́.

Gbólágadé họ orí. "O mọ òfin. Bí ìtàn bá dúró, tí ara àwọn èèyàn sì ń le, kí òòrùn tó wọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ yí i fún Arọ́pò. Kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ ṣe o. Àbúrò ìyàwó mi wà ní Òkè-Elérú, o ṣáà gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀."

Ta ni kò gbọ́? Arọ́pò ló parí ìtàn fún àwọn ará Òkè-Elérú. Gbogbo wọn jí, ara wọn le, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn tilẹ̀ kún. Kò sí ẹni tó bá ẹnìkan jà. Ẹni tó ti ń yan aládùúgbò rẹ̀ lódì láti ọjọ́ pípẹ́ kò rántí ohun tó fa á mọ́, ó kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ sáré wá dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó fọwọ́ pa ọmọ náà lórí, ó wo ojú rẹ̀, ó ní, "Ọmọ dáadáa ni èyí o. Ti ta ni?" Wọ́n ti ń kórè àgbàdo kí ó tó pe ọmọ yẹn lórúkọ, àwọn tó gbọ́ ọ sì ní ó ń pè é bí ẹni ń ka orúkọ lára ògiri.

"Mo máa parí rẹ̀ kí òòrùn tó wọ̀," ni Fadérera wí.

"Àṣẹ." Gbólágadé ti dé ẹnu ilẹ̀kùn kó tó yíjú padà. "Ohun kan tún wà. Ṣé o dágbére fún Àyọ̀ká dáadáa lọ́jọ́ ìsùn? Ẹsẹ̀ ọmọ yẹn ni kò yé mi. Ẹni tí ará ilé rẹ̀ bá di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, tó dágbére fún un kí òtútù tó wọlé, ara rẹ̀ kì í le báyìí."

"Mo dágbére fún un."

"O di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo ní mo dágbére fún un!"

"Ó dáa, ó dáa. Má pa mí." Ó jáde, bàtà rẹ̀ ń ró lórí àtẹ̀gùn bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

Irọ́ ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Irọ́ funfun báláú. Ojú ti Fadérera débi pé ó bo ojú wàláà dé, bí ẹni pé wàláà náà ń wò ó.

Kì í ṣe pé kò gbìyànjú láti gba ibòmíràn. Ó ti mú ẹkùn jáde láti inú igbó, kí Àṣàkẹ́ lè fò sínú ọkọ̀ láìdáhùn ìbéèrè kankan. Ó kà á sínú ẹ̀rọ agbóhùn. Ẹ gbọ́ o: àwọn èèyàn yìí ń sùn, oorun tí ẹ̀fọn kò lè jí ènìyàn nínú rẹ̀, síbẹ̀ gbogbo gbọ̀ngàn pòṣé lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣìọ̀ọ̀! Bí ìgbà tí wọ́n da omi sínú ààrò. Fadérera pa ẹkùn rẹ́ wéréwéré. Ó mú ọkùnrin arẹwà kan jáde láti inú omi. Pòṣé tọ̀tẹ̀ yìí gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, Baálẹ̀ sì yí ẹ̀yìn sí yàrá akọ̀tàn. Bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó sùn, Fadérera fúnra rẹ̀ ló dúró láàárín ìlú lórí pápá, tó gbá gèlè mọ́rí gẹngẹ, tó ní, "Ìtàn tèmi kò ní dà bíi ti Bàbá Ọ̀kánlàwọ́n tó ṣe akọ̀tàn ṣáájú mi, tó fi odidi oorun kan sọ̀rọ̀ adìyẹ kan ṣoṣo." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá Ọ̀kánlàwọ́n náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pẹ́ nídìí ẹ̀rín náà. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ní báyìí, bí adìyẹ yẹn bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà, Fadérera á kúnlẹ̀ kí i.

Ihò kan wà lára àpáta tí wọ́n fi gíláàsì nínípọn dí. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ wọlé ti ń pọ́n. Ìta dákẹ́. Kò sí ẹyẹ, kò sí kòkòrò. Bàtà tí Gbólágadé gbàgbé sẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ tí wọ́n tilẹ̀kùn ti yọ́ mọ́ òkúta.

"Arọ́pò," ni Fadérera pè, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ọ̀tá.

"Mò ń gbọ́, ìyá wa."

"Bó bá jẹ́ pé ìwọ ni, kí lo máa kọ?"

Iná àpótí náà tàn. Kò tilẹ̀ rò ó. "Atukọ̀ bi í pé, 'Níbo lò ń lọ?' Àṣàkẹ́ ní, 'Òdìkejì ni, bàbá.' Ó wọ ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ tutù. Ọkọ̀ gbéra."

Kò burú. Ó mọ́, ó sì lọ geerege, kò sí ẹni tó máa pòṣé sí i. Fadérera tún un sọ lẹ́nu. Níbo lò ń lọ. Níbo lò ń lọ? Ó mi orí.

"Irọ́ ni. Àgbàlagbà kan kò ní béèrè bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ṣàlàyé fún mi."

"Àgbà wo ló máa rí ọmọbìnrin tó dá ru ẹrù dé etí odò ní kùtùkùtù, láìsí ẹni tó sìn ín, tó máa bi í pé níbo ló ń lọ? Ohun tó máa kọ́kọ́ bi í ni pé, 'Ọmọ mi, ṣé àwọn ará ilé mọ̀ pé o ń lọ?'"

Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sílẹ̀ kí ó tó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé kò mọ ìbéèrè yẹn, ó ń sá fún un ni. Ó fi ìka yí wàláà padà sẹ́yìn, ó lọ síbi tí Àṣàkẹ́ ti kúrò nílé. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé: *Ọmọ Àṣàkẹ́ ń sùn lórí ẹní. Ìyá ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, Àṣàkẹ́ ti wà lójú ọ̀nà.* Kò sí ẹni tó sọ pé ó dàbọ̀. Kò sí ẹni tó ní àlọ ire, àbọ̀ ire. Ó ti fo ibẹ̀ bí ẹni fo ẹrẹ̀, ó rò pé kò sẹ́ni tó rí òun.

Ṣùgbọ́n Fadérera mọ bí òun ṣe kọ́ ẹrẹ̀ náà ní fífò.

Lọ́jọ́ ìsùn, gbogbo ilé ló ti ń dágbére. Ọkọ di ẹsẹ̀ ìyàwó mú, ìyá di ti ọmọ, wọ́n ń tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ ara wọn mọ́ ẹní, wọ́n ń sọ pé, "Sùn ire, jí ire." Àyọ̀ká kò tíì sùn rí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ọdún yẹn ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó di ìró ìyá rẹ̀ mú, ó ní, "Màámi, ẹ má lọ. Ẹ sùn tì mí." Akọ̀tàn kì í sùn, akọ̀tàn kò sì gbọdọ̀ pẹ́ nínú gbọ̀ngàn. Fadérera mọ̀ pé bí òun bá di ẹsẹ̀ yẹn mú, òun kò ní lè fi sílẹ̀ mọ́, gbogbo ìlú á sì rí akọ̀tàn wọn tó ń ké bí ọmọ ọwọ́. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, tó ń tú ìka ọmọ náà kúrò lára ìró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Mò ń lọ ra àkàrà fún ọ. Mò ń bọ̀ báyìí." Ó gun àtẹ̀gùn lọ, kò wẹ̀yìn. Nígbà tó fi máa dé ẹ̀yìn gíláàsì, òtútù ti wọlé, Àyọ̀ká sì ti sùn pẹ̀lú ojú tó kọ sí ilẹ̀kùn.

"Ìyá wa," ni Arọ́pò wí, "òòrùn ti fẹ́ wọ̀."

"Bí mo bá gbé e fún ọ, ṣé wọ́n á mọ ibi tí èmi dúró sí?"

"Wọn ò ní mọ̀. Mo mọ bí a ṣe ń lẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tó máa mọ̀."

Kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ẹ ò rí bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dùn. Bí ó bá sọ ìtàn náà bó ṣe yẹ kó sọ ọ́, etí kan kò ní gbọ́ kí èkejì má gbọ́. Ohun kan náà ló ń wọ etí gbogbo ìlú, wọ́n á mọ̀ pé ara rẹ̀ ló ń sọ, wọ́n á sì jí pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́nu. Odidi ìgbà òjò ni wọ́n máa fi sọ ọ́ lójú oko àti nídìí kànga, pé akọ̀tàn tó ń fi Bàbá Ọ̀kánlàwọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ purọ́ fún ọmọ ọdún mẹ́fà, ó sì sá. Ìyá ọkọ rẹ̀ gan-an wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, okùn wà létí rẹ̀. Ikú yá ju ẹ̀sín.

Ó wo ìsàlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó jẹ́ kí ojú rẹ̀ pẹ́ lórí ẹsẹ̀ kékeré náà. Ó gbìyànjú láti rò ó bí ó ṣe máa rí bí Àyọ̀ká bá jí, tó sáré dé ọ̀dọ̀ òun, tó wá dúró, tó wo òun lójú pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́ àwọn ará Òkè-Elérú, tó ní, "Ẹ káàsán o, mà. Ta ni yín?" Fadérera já ẹ̀rọ agbóhùn kúrò lórí tábìlì, ó fi kọ́ ọrùn, ó sì sáré sọ̀ kalẹ̀.

Gbólágadé na apá di ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn. "Níbo? Akọ̀tàn kì í wọ ibí! Ọmọ mọ òórùn ìyá rẹ̀. Bí ọmọ yẹn bá jí, kò ní lè sùn padà mọ́. Oúnjẹ ẹni méjì péré ló wà nílé títí òjò á fi dé, o mọ̀."

"Ẹ fún un ní tèmi."

"Orí rẹ pé?"

"Ẹ̀gbọ́n, irọ́ ni mo pa fún yín. Mi ò di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Mi ò dágbére fún un. Mo sá ni." Ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù níbẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wọlé."

Gbólágadé ṣáà ń wò ó, ojú Fadérera sì wà nílẹ̀. "Háà, Fadérera," ni ó wí níkẹyìn. Kò tíì fi orúkọ yẹn pè é látìgbà tó ti bímọ. Ó yẹra lẹ́nu ọ̀nà. "Bọ́ bàtà rẹ."

Fadérera rìn láàárín àwọn ẹní. Òtútù ń wọ ọ́ lára. Ó jókòó sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ó tẹ ẹ̀rọ agbóhùn. Kò mú wàláà dání, kò sì mọ ọ̀rọ̀ tó máa tẹ̀lé ọ̀rọ̀.

"Bàbá atukọ̀ bi Àṣàkẹ́ pé, 'Ọmọ mi, ṣé àwọn ará ilé mọ̀ pé o ń lọ?' Àṣàkẹ́ ní, 'Wọ́n mọ̀, bàbá.' Bàbá náà gbé àjẹ̀ rẹ̀ sórí itan. Ó ní, 'Èmi kì í gbé ẹni tí kò dágbére. Bí omi bá gbé ọ lọ, ta ni mo fẹ́ lọ sọ fún?' Àṣàkẹ́ wo ilẹ̀. Ojú tì í. Ó ronú pé kí òun jí ọkọ̀ náà wà. Ó ronú pé kí òun wá odò mìíràn. Ó wo ọ̀nà tó gbà wá, ó gùn, òòrùn sì ti ń mú. Ó fa ẹsẹ̀ ọ̀tún yọ nínú ọkọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

Gbì!

Gbogbo ẹsẹ̀ ọ̀tún tó wà ní Arárọ̀mí-Òkúta balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹní gbọ̀n. Ìmí ńlá kan jáde láti ìpẹ̀kun gbọ̀ngàn dé ìpẹ̀kun. "Ọpẹ́ o!" ni Gbólágadé ké lẹ́nu ọ̀nà, ó sì yára fi ọwọ́ olóròóró bo ẹnu ara rẹ̀.

Ẹsẹ̀ Àyọ̀ká kò balẹ̀.

Fadérera tẹ̀síwájú. Ó mú Àṣàkẹ́ padà délé, ó jẹ́ kó kúnlẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ̀, ó jẹ́ kí ìyá náà bú u dáadáa, kó sì súre fún un lẹ́yìn èébú. Nísàlẹ̀ gbọ̀ngàn lọ́hùn-ún, àwọn ìyá ọkọ ń mi orí lójú oorun pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kó rí. Ẹsẹ̀ Àyọ̀ká wà lókè. Ó le gbagidi. Nígbà náà ló yé akọ̀tàn pé ọmọ yìí kò bá Àṣàkẹ́ ní ọ̀rọ̀ sọ. Ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ni ó ti ń retí ọ̀rọ̀.

Ó lè pa ẹ̀rọ náà kó sì sọ ọ́ sí i létí. Ṣùgbọ́n etí ọmọ náà ti dí pẹ̀lú okùn, ohun tó bá gba inú okùn nìkan ló ń gbọ́. Fadérera gbé ẹnu mọ́ ẹ̀rọ.

"Ẹ̀yin ará Arárọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Kì í ṣe Àṣàkẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ báyìí. Èmi Fadérera ni. Àyọ̀ká, èmi ni. Lọ́jọ́ tí mo fi ọ́ sílẹ̀, mo ní mò ń lọ ra àkàrà. Mi ò lọ ra àkàrà. Ó hàn sí mi pé irọ́ ni bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ẹkún ló ń gbọ̀n mí, mi ò fẹ́ kí àwọn èèyàn rí i, ìyẹn ni mo ṣe sá, tí mo fi ọ́ sílẹ̀ tí ò ń wo ilẹ̀kùn. Mo wà lókè ní gbogbo ìgbà yìí. Mò ń rí ọ, mi ò sì lè wò ọ́. Má bínú sí mi, ọmọ mi."

Ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn. Lábẹ́ òtútù yẹn, òógùn bo Fadérera ní iwájú orí.

Ètè Àyọ̀ká mì. Ojú rẹ̀ kò là. Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ nípọn fún oorun, ṣùgbọ́n ó já gaara nínú ẹ̀rọ, gbogbo ìlú sì gbọ́ ọ.

"Mo mọ̀."

Fadérera sún mọ́ ọn.

"Ṣebí ìyá alákàrà ti sùn tì mí nígbà tí ẹ sọ bẹ́ẹ̀."

Fadérera yíjú. Lórí ẹní tó kángun sí ti Àyọ̀ká, Ìyá Súnkànmí alákàrà sùn kalẹ̀ gbọnrangandan, ẹni kan ṣoṣo tó ń dín àkàrà ní Arárọ̀mí, àwo rẹ̀ tó dojú dé wà níbi orí rẹ̀ nítorí kì í fi í sílẹ̀ lọ ibì kankan. Ó ti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọ náà rí i. Láti ìgbà yẹn ni ọmọ ọdún mẹ́fà ti gbé irọ́ ìyá rẹ̀ sùn, tó mọ̀ pé irọ́ ni, tó sì dákẹ́. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ikùn Ìyá Súnkànmí, ó gbọ̀n ọ́n lójú oorun, ó ràn mọ́ ẹni tó tẹ̀lé e, ó sì ń lọ láti ẹní dé ẹní títí ó fi kan Baálẹ̀. Fadérera mọ̀ pé bí òjò bá rọ̀ tán, Oníbàárà Àkàrà ni wọ́n máa pe òun títí ọjọ́ alẹ́. Ojú tì í dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó sunkún lójú gbogbo wọn, ó sì jẹ́ kó jáde.

Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó di ẹsẹ̀ kékeré náà mú. Ó tutù. Kò kánjú. Ó rọra ń tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀, ó ní, "Sùn ire, jí ire."

"Ká bára wa láyọ̀," ni Àyọ̀ká dáhùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rọ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ títí ó fi kan ẹní. Kò jí. Ó fi ọwọ́ nu imú rẹ̀ lójú oorun, ó yí ẹ̀gbẹ́.

Lókè, ohùn pẹ̀lẹ́ kan ń béèrè bóyá ìyá wa ṣì fẹ́ kí òun bá wọn parí rẹ̀. Gbólágadé gun àtẹ̀gùn lọ, ó fi aṣọ ìnura tó fi ń nu òróró bo àpótí náà lórí.

Òòrùn ti wọ̀ tán. Fadérera fi etí aṣọ nu ojú, ó gbé ẹ̀rọ agbóhùn sún mọ́ ẹnu, kò sì dìde kúrò nídìí ẹní.

"Àṣàkẹ́ tún dé etí odò," ni ó wí. "Bàbá atukọ̀ bi í bó ṣe bi í lákọ̀ọ́kọ́. Àṣàkẹ́ ní, 'Wọ́n mọ̀, bàbá. Wọ́n ti bú mi, wọ́n ti súre fún mi.' Bàbá náà mú àjẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí itan. Àṣàkẹ́ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ inú ọkọ̀. Ó gbé ti òsì."

Gbogbo ìlú gbé ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ kékeré yẹn ló kọ́kọ́ gbéra.